Ẹ̀wọ̀n nìkan la mọ̀: ìtàn ohun tá a ti ń ṣe fún àwọn tí oògùn olóró ti mú

Lọ́dún 2019, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ṣéènì so ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ irin fèrèsé. Kì í ṣe ajínigbé ló so ó o. Àwa ẹbí ẹ̀ la fọwọ́ ara wa gbé e lọ síbẹ̀, a tún sanwó.

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ: ohun tí ìjọba àti àwa aráàlú ti ń ṣe fún àwọn tí oògùn mú, látọjọ́ tó ti pẹ́, àti bí àwọn ìlú míì ṣe ṣe tiwọn. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ kí n má bẹ̀rẹ̀ nílé wa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Bọ̀dá mi ni mo máa pè é níbí, torí kò fẹ́ kí orúkọ òun dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kadà ló ń gùn n'Ìbàdàn, láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ẹnì kan ní páàkì fún un ní trámọ́, ó ní "Lò ó, wàá rí iṣẹ́ ẹ̀." Ó lò ó, ó sì rí iṣẹ́ ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn ò dùn ún mọ́, kò rẹ̀ ẹ́, ebi ò pa á, owó tó ń mú wálé sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé fàájì ló ń mú kí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, àwọn lébìrà, àwọn alábàárù inú ọjà.

Trámọ́, ìyẹn tramadol, oògùn ìrora ni. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló gbé e dé ọjà lọ́dún 1977. Ọmọ ẹbí kan náà lòun àti codeine, morphine àti heroin. Opioid ni wọ́n ń pe ẹbí yẹn. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ jókòó sí nínú ọpọlọ, níbi tí ara ti ń gbọ́ ìrora. Tó bá pẹ́ tó o ti ń lò ó, ara á gbà pé òun ò lè dá dúró mọ́ láìsí i. Lọ́jọ́ tó ò bá rí i lò, imú á máa ṣomi, inú á máa ṣu, gbogbo eegun á máa ro ẹ́, oorun á sá lọ. Nígbà tó bá débẹ̀, kì í ṣe pé o ń wá ìgbádùn mọ́. O kàn ń wá bó o ṣe máa rí bí èèyàn ni.

Ọ̀kan lójúmọ́ di méjì. Méjì di èyí tí wọ́n ń pè ní two-two-five, ìyẹn 225 milligram nínú hóró kan ṣoṣo. 50 tàbí 100 ni dókítà sábà máa ń kọ fúnni lẹ́ẹ̀kan. Tí trámọ́ bá sì ti pọ̀ jù lára, ó lè mú kí wárápá gbéni. Bọ̀dá mi ṣubú ní páàkì lọ́sàn-án gangan, ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fi kán eyín ẹ̀ kan. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki nǹkankan bọ ẹnu ẹni tí wárápá bá mú. Ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí ẹ̀.)

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pe ìpàdé ẹbí. Bàbá kan láàárín wa ní ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, pé tó bá fi lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta péré, ojú ẹ̀ á là. Àǹtí mi kan ní rárá o, pé òun mọ ilé kan tí wọ́n ti ń tú irú wọn sílẹ̀. Wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á sì so ó mọ́lẹ̀ kó má bàa sá. Mọ́mì ẹ̀ ń sunkún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọsibítù. Èmi tí mo wà ní yunifásítì nígbà yẹn, tí mo máa ń fi gírámà dà wọ́n láàmú, èmi náà ò dárúkọ ẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà yẹn nìyẹn. Ta ló kọ́ wa pé tí oògùn bá mú èèyàn, ẹ̀wọ̀n ló kàn? Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀: lédè wa, ẹ̀wọ̀n ni ṣéènì, ẹ̀wọ̀n náà ni jéèlì. Bàbá yẹn àti àǹtí mi rò pé àwọn ń jiyàn ni. Ohun kan náà làwọn méjèèjì ń sọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

1966. Ìjọba ológun gbé òfin igbó jáde. Ẹni tó bá gbin igbó, ikú ni, àbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Igbó kì í ṣe ọmọ ẹbí opioid o, àmọ́ ibẹ̀ lọ̀nà ti là. Lọ́dún 1975 ni wọ́n tó dín ìyà ẹ̀ kù.

1984. Buhari àti Idiagbon ti dé. Lákòókò yẹn, heroin àti cocaine ń gba Nàìjíríà kọjá lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, orúkọ wa sì ń bàjẹ́ ní gbogbo pápákọ̀ òfuurufú. Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n gbé Decree 20 jáde: ẹni tó bá ń ṣòwò oògùn olóró, kí wọ́n yìnbọn pa á. Wọ́n ní kí òfin náà padà sẹ́yìn, kó mú ẹni tó ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta: Bernard Ogedengbe, ọmọ ọdún 29. Lawal Ojuolape, ọmọ ọdún 30. Bartholomew Owoh, ọmọ ọdún 26. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, òfin tó máa pa á ò tíì sí.

Ọmọ ọdún 26 lèmi náà.

Àwọn èèyàn bẹ̀bẹ̀ nígbà yẹn, ìjọba ò gbọ́. Títí di 2007, Wọlé Ṣóyínká ṣì ń kọ̀wé lórí ẹ̀. Mi ò sọ pé ẹni tó ń kó heroin ta ò ṣẹ̀ o, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo ariwo yẹn, ìbọn, tíráíbúnà, orí rédíò, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé àwọn tó ń lò ó ńkọ́? Ibo ni kí wọ́n gbà?

Babangida dé, ó mú ìbọn kúrò lọ́dún 1986, ó fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò. Lọ́dún 1989, Decree 48 dá NDLEA sílẹ̀. Ohun tó wà nínú òfin yẹn fún ẹni tí wọ́n bá bá cocaine tàbí heroin lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí tó lò ó, ni ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25. Kì í ṣe alágbàtà o. Ẹni tó LÒ Ó. Adájọ́ lè fọwọ́ rọ́rí sinmi, òfin ti bá a ka iye ọdún.

Ká fò síwájú.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2018, BBC Africa Eye gbé fídíò Sweet Sweet Codeine jáde. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wò ó. Wọ́n fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oògùn níbi tí wọ́n ti ń ta omi ikọ́ ní páálí páálí fún ẹni tí kò ní ìwé dókítà. Lọ́jọ́ kejì, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé. Ọjọ́ kan péré! Èmi náà pàtẹ́wọ́ lórí státọ́ọ̀sì mi.

Àmọ́ fídíò yẹn kan náà ṣàfihàn ibì kan ní Kánò tí wọ́n ti so àwọn ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ bí ẹran, tí wọ́n ń pè é ní ibi ìtọ́jú. Fún ìgò codeine, òfin tuntun láàárín wákàtí 24. Fún àwọn tó wà nílẹ̀ yẹn, mi ò rántí pé mo gbọ́ ìkéde kankan lọ́jọ́ yẹn. Ìgò ló ń bí wa nínú.

Ládùúgbò wa, àwọn tó ń mu ún ò jáwọ́. Wọ́n bọ́ sórí trámọ́, àwọn kan bọ́ sórí omi gọ́tà, tí wọ́n po oríṣiríṣi mọ́ra. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ní sickle cell. Tí ìrora bá dé, igbe ẹ̀ máa ń dé ilé kejì. Ó mú ìwé dókítà lọ sí kẹ́mísì láti ra oògùn ìrora tó lágbára, wọ́n wò ó tòkè tilẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní. Ojú tí wọ́n fi ń wo olè ni wọ́n fi wò ó. Ó ní òun gbọ́ tí ẹni tó ń tajà sọ pé "àwọn jọ́ńkì ti tún dé." Ẹni tó nílò oògùn náà gan-an ló ń jìyà ẹni tó ṣì í lò.

Ní oṣù kìíní 2019, èsì ìwádìí tí UNODC àti NBS jọ ṣe jáde. Láàárín ọdún kan, èèyàn mílíọ̀nù 14.3 lo oògùn olóró ní Nàìjíríà, láàárín ẹni ọdún 15 sí 64. Mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló lo opioid láìjẹ́ pé ti ìtọ́jú ni. Ní Èkó, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹni márùn-ún tó ń lo oògùn olóró, ẹnì kan ti wà tó ti di àìsàn sí lára.

Ẹ bá mi ṣírò. Gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní Nàìjíríà lápapọ̀, àti olè àti apànìyàn, àti àwọn tí ẹjọ́ wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, wọn ò tó 100,000. Ẹ fẹ́ ti mílíọ̀nù 4.6 mọ́ ibo?

Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹsàn-án, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, Kàdúná, wọ́n bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdé níbẹ̀, àwọn kan nínú ṣéènì. À ń sọ pé "àwọn ará Òkè Ọya nìyẹn." Oṣù kọkànlá pé, ó kàn wá: 259 èèyàn ni wọ́n kó jáde nílé kan ní Òjóó, n'Ìbàdàn wa níbí. Kì í ṣe ibẹ̀ la gbé Bọ̀dá mi lọ. Àmọ́ nígbà tí mo ka ìròyìn yẹn, tí mo rí i pé ẹbí wọn ló fọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, mo pa fóònù mi.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ bú àwọn ẹbí, kó rọra. Níbo ni kí wọ́n gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni, àbí ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ìwé tí mo kà ni pé a ti mọ̀ ọ́n ṣe rí. Àwa fúnra wa. L'Abẹ́òkúta.

Ìjọba amúnisìn ti kọ́ ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ sí Yábàá lọ́dún 1907, àmọ́ títì ni wọ́n ń tì wọ́n mọ́bẹ̀ ju pé wọ́n ń wò wọ́n lọ. Lọ́dún 1954, dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, wá gba iṣẹ́ ní Àrò. Ó ti kàwé dókítà ní Birmingham, ó ti kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Maudsley ní London. Ó dé Àrò, wọn ò tíì kọ́ ọsibítù náà tán. Bẹ́ẹ̀dì ò sí, aláìsàn ń wá.

Ẹlòmíì á ní kí wọ́n lọ títí ìjọba á fi kọ́lé tán. Lámbò lọ bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Àmọ́ aláìsàn ò gbọ́dọ̀ dá wá: ẹbí ẹ̀ kan, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ló gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ ẹ̀, kó máa mú un lọ sí ọsibítù láàárọ̀ fún ìtọ́jú. Lọ́sàn-án, kó bá wọn dé oko, kó bá wọn ṣeré. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Owó háyà ń wọlé fún àwọn ará abúlé, nítorí náà inú wọn dùn sí i. Kò sẹ́ni tí wọ́n so mọ́gi. Gbogbo ayé ló ń wá wo Àrò nígbà yẹn, Lámbò padà di igbákejì ọ̀gá àgbà ní WHO.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa kọ sábẹ́ ibí yìí: ti ọpọlọ nìyẹn, kì í ṣe ti oògùn olóró. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ìbéèrè tí Lámbò béèrè. Kò béèrè pé "báwo la ṣe máa mú wọn kúrò nígboro?" Ó béèrè pé "ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ̀?"

Àwọn tó wá bi ìbéèrè tó jọ ọ́ lórí heroin, Pọ́túgà ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn apàṣẹwàá fi ṣèjọba lé wọn lórí, títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ogun dojú ìjọba yẹn bolẹ̀ ní oṣù kẹrin 1974. Ilẹ̀kùn ṣí lójijì. Àwọn sójà ń padà bọ̀ láti ogun Àǹgólà àti Mòsáńbíìkì, ọjà heroin dé, kò sì sẹ́ni tó mọ nǹkankan nípa ẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin 1990s, wọ́n fojú bù ú pé èèyàn bí 100,000 ló ń lò ó, ní ìlú tí gbogbo wọn ò ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Àdúgbò kan wà ní Lisbon tí wọ́n ń pè ní Casal Ventoso, níbi tí wọ́n ti ń gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Kò sí ẹbí tí kò kàn, olówó àti tálákà. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí etí wọn ṣí. Tó bá jẹ́ ọmọ tálákà nìkan ni, mi ò rò pé wọ́n á yára bẹ́ẹ̀.

Ìjọba wọn kó àwọn onímọ̀ jọ lọ́dún 1998. Dókítà João Goulão, tó ti ń tọ́jú àwọn tó ń lo heroin fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà nínú wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2001, tí ọlọ́pàá bá bá ẹ pẹ̀lú oògùn tí kò ju èyí tí ẹnì kan lè lò fún ọjọ́ mẹ́wàá lọ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á ní kó o lọ rí ìgbìmọ̀ kékeré kan. Kò sí kóòtù. Ẹ jọ jókòó sídìí tábìlì ni, àwọn tó mọ òfin àti àwọn tó mọ̀ nípa ìlera àti ìgbé ayé èèyàn, wọ́n á bi ẹ́ pé báwo lo ṣe ń lò ó, ṣé o níṣẹ́, ṣé o nílé. Ẹni tó ń tà á ṣì ń lọ sẹ́wọ̀n o. Wọn ò sọ pé oògùn dáa. Wọ́n kàn ya ẹni tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jẹ èrè.

Òfin yẹn làwọn èèyàn máa ń pariwo, àmọ́ owó tó tẹ̀ lé e ló ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé methadone lọ bá àwọn èèyàn nínú ọkọ̀, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ara ro ẹni tó ń fi heroin sílẹ̀. Wọ́n ń pín abẹ́rẹ́ tuntun. Ìjọba ń bá àwọn ọ̀gá níléeṣẹ́ san lára owó oṣù ẹni tó bá ń bọ̀ sípò, kí wọ́n lè gbà á síṣẹ́. Àwọn tó ń tipa abẹ́rẹ́ kó HIV lọ́dún kan ju 1,000 lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò pé 100 mọ́.

Kì í ṣe ọ̀run rere o. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dojú rú, wọ́n gé owó ìtọ́jú ní 2012, àwọn ará Porto sì ti ń ráhùn pé àwọn tún ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Oregon ní Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú òfin yẹn ní 2021, òfin ti délẹ̀ kí ibi ìtọ́jú tó wà. Ní 2024 wọ́n yí i padà. Ẹni tó bá yọ ẹ̀wọ̀n kúrò láìfi nǹkankan rọ́pò ẹ̀, ìgboro náà ló máa gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ Bọ̀dá mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ní ó ti bọ́. Ọjọ́ kẹta, ó lọ sí páàkì, ó lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nìyí, kí ẹ̀yin sì bá mi sọ ọ́ kiri: ara tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè gba ohun tó ń gbà nígbà kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, irú ẹ̀wọ̀n yòówù kó jẹ́, òun ni opioid lè tètè pa jù. Èémí ẹ̀ ti ń lọ kí ẹnì kan tó gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone, tó ń jí ẹni tí opioid fẹ́ dá èémí ẹ̀ dúró. Ó yẹ kó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn àdúgbò, kó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá pàápàá. Ọlọ́run ló yọ tiwa.

Lẹ́yìn náà la wá gbé e lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba káàdì wò wá, ó ní "Ta ló máa dúró tì í nínú yín?" Mi ò tíì gbọ́ orúkọ Lámbò rí lọ́jọ́ yẹn. Mọ́mì ẹ̀ ló nawọ́. Orí ẹní ló sùn fún oṣù kan àti ààbọ̀. A ta ọ̀kadà náà láti sanwó, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ló fi ń jẹun. Tí ìṣègùn ìjọba bá máa ń sanwó ibà, tí kì í sanwó èyí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àìsàn.

Ó tún ṣubú sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní 2021. A ò pe ìpàdé. Mọ́mì ẹ̀ kàn ká ẹní wọn, wọ́n padà lọ.

Ó ń tún ọ̀kadà ṣe báyìí, kò gùn ún mọ́. Ojú ṣéènì ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ gígùn ló máa ń wọ̀, àní nínú ooru. Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún un lánàá kí n tó gbé e jáde. Ó ní kí n yọ orúkọ páàkì náà kúrò, torí àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti yọ ọ́.